Tọ́ọ̀ṣì Àsàkẹ́ nínú Igbó Ilẹ̀-kì-í-mọ́

Ẹ pa ariwo yẹn! Múfú, mo ní kí o dákẹ́, ìwọ àti tọ́ọ̀ṣì rẹ tó ń ṣẹ́jú bí ẹni tí iyanrìn kó sí lójú. Láti ìgbà tí mo ti jókòó sí ìta yìí lẹ ti ń bá ara yín fa ọ̀rọ̀ pé tọ́ọ̀ṣì ta ló dára jù láti máa kó sápò. Ọ̀kan ní tòun mọ́lẹ̀ dé òkè kejì. Òmíràn ní tòun ń gba ṣájì bíi fóònù. Múfú ọlọ́kadà ní tòun ní oríṣi iná mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án! Kí lo fẹ́ fi ṣe, ṣé ojú mẹ́sàn-án lo ní ni?

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tó bá ní ọbẹ̀ lórí iná kó lọ sọ ọ́ kalẹ̀ nísinsìnyí, nítorí n ò ní tún un sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi Ọdẹ́rìndé, èmi tí ẹfọ̀n rí tó ń bi ara ẹ̀ pé ọ̀nà wo lòun ó gbà sá, èmi ni mo kó tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta wọ igbó tí ìmọ́lẹ̀ kì í wọ̀, tí mo sì mú ohun tí mo wá lọ jáde. Ẹ fẹ́ jiyàn? Ẹ jẹ́ n sọ tán ná.

Ẹ̀gbọ́n mi, Ògúndíran, ló kọ́ mi níṣẹ́ ọdẹ. Òun náà ló kọ́ mi ní àmì tí gbogbo ọdẹ ìlú yìí ń lò. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ, ẹ fi etí sí èyí dáadáa. Nínú òkùnkùn, ojú ẹran ni ọdẹ ń rí, kì í rí ara ẹran náà. Ojú méjì á kàn máa dán nínú igbó, àárín wọn lọdẹ á sì yìnbọn sí. Ṣùgbọ́n kí o tó yìn ín, o ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo iná rẹ, o ó ṣí i, lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ẹran bá ni, kò mọ nǹkan kan. Bí ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ bá ni, òun náà á bo iná tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láti sọ fún ọ pé, "Èèyàn ni mí, mo wà láàyè." A kì í pe orúkọ ara wa nínú igbó, nítorí àwọn tó ń gbọ́ níbẹ̀ pọ̀. Àmì yẹn là ń lò dípò ẹnu. Ọdẹ tó bá rí i tí kò dáhùn, wọ́n á gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ Olúọdẹ.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Ògúndíran wọ Igbó Ilẹ̀-kì-í-mọ́, kò padà. Oṣù kan kọjá, ìkejì kọjá. Nígbà tó di oṣù kẹta, Olúọdẹ wa, Oyèwùsì, pe ẹgbẹ́ jọ, ó ní kí wọ́n ṣe ìpà ọdẹ fún un. Ẹ mọ ohun tí ìpà jẹ́. Wọ́n á fi igi ṣe ère bí èèyàn, wọ́n á gbé aṣọ ọdẹ olóògbé àti fìlà rẹ̀ wọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e lọ sí oríta ẹ̀yìn ìlú, wọ́n á kọrin, wọ́n á sì yà á kúrò láàárín àwa tó kù. Lẹ́yìn ìyẹn, òkú ni ẹni náà, ì báà máa mí níbi tó wà. Bó bá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọ̀lú pàápàá, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ kí i.

"Ọdẹ́rìndé," ni Olúọdẹ wí, "lọ kó aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ wá."

"N ò kó o wá, Bàbá."

"Kí lo wí?"

"Mo ní n ò kó o wá. Ta ló rí òkú ẹ̀? Ẹni tó bá rí òkú Ògúndíran kó dìde, kó sọ ibi tó ti rí i!"

Kò sẹ́ni tó dìde. Inú bí Olúọdẹ débi pé fìlà orí ẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní ẹnì kankan ò wọ igbó yẹn kó jáde rí, ṣùgbọ́n torí kí n má baà ní wọ́n rẹ́ mi jẹ, òun fún mi ní ọjọ́ méje. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ keje wọ́n á ṣe ìpà náà, bí mo fẹ́, bí mo kọ̀. Mo ní ó dáa.

Mo lọ sọ fún Àsàkẹ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Mo bá àwọn obìnrin ilé tí wọ́n yí i ká, wọ́n ní kó tú irun orí ẹ̀ bí opó. Àsàkẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì di orí ẹ̀ mú. Ó ní, "Ọjọ́ tó ń lọ, ó ní ṣùkú yìí yẹ mí. N ò tú u. Ẹni tó bá fẹ́ kí n tú u kó pè é wá kó sọ fún mi fúnra ẹ̀." Àwọn obìnrin yẹn bínú lọ. Ó wá yíjú sí mi.

"Ọkọ mi, kí lẹ fẹ́ máa fi ríran níbẹ̀?"

Mo fi tọ́ọ̀ṣì méjì tí mo ní hàn án. Àkọ́kọ́ ni mo sọ ní Ọ̀sángangan. Irin ni, ó gùn bí àgbàdo tí wọ́n ò tíì bó, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ sì ń dé ibi tí ojú èèyàn ò dé. Bí mo bá kó o sápò, ṣòkòtò mi á dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, n ó wá máa fi ọwọ́ di ìdí mú bí mo ṣe ń rìn. Èkejì pẹlẹbẹ, dúdú ni, ó ń gba ṣájì, ibì kan ṣoṣo ni a sì ti ń tẹ gbogbo iná inú ẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni, Múfú, irú tìẹ yẹn gan-an ni.

Àsàkẹ́ wò wọ́n. Ó tú etí ìró ẹ̀, ó mú tọ́ọ̀ṣì kan jáde tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Bátìrì ẹyọ kan ló ń lò. Ọ̀dà ara ẹ̀ ti ṣí, àpá eyín sì kún ìdí ẹ̀, torí eyín ló fi ń mú un bó bá fẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì ka adìyẹ ẹ̀ wọ ilé ní ìrọ̀lẹ́. Ìdí ẹ̀ náà la ti ń tẹ̀ ẹ́. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, ó tàn. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, ó tàn níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ rẹ bá ṣì wà níbẹ̀. O yọwọ́, ó kú.

"Ẹ mú èyí náà dání."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, tọ́ọ̀ṣì adìyẹ nìyí!"

"Adìyẹ mi ò sọnù rí," ni Àsàkẹ́ wí. Ó kó o sápò àyà mi fúnra ẹ̀, ó sì bọ́ sẹ́yìn ilé kí n má baà rí i pó ń sunkún.

Mo rin ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, mo dé ẹnu igbó náà lọ́sàn-án gangan. Oòrùn wà lẹ́yìn mi, òkùnkùn wà níwájú mi, ààlà wọn sì tọ́ gbọọrọ lórí ilẹ̀. Oníbodè jókòó sórí ààlà yìí. Kò lójú, kò nímú, inú àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ méjèèjì ni ẹnu ẹ̀ wà: tọwọ́ ọ̀tún ń sọ̀rọ̀, tọwọ́ òsì ń jẹun.

"Ohun tó bá wà lórí rẹ, tèmi ni," ni ọwọ́ ọ̀tún wí. "Ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ, tèmi ni."

Kí n tó fèsì, ọwọ́ òsì ti já àtùpà ọdẹ kúrò lórí mi, ó rún un wómúwómú tòun ti iná inú ẹ̀. Ó gba àdá ọwọ́ mi, ó jẹ ìyẹn náà tẹ̀lé e. Ìbọn mi wà léjìká, kò sì fọwọ́ kàn án.

"Kí ló wà lápò rẹ?"

"Àpò mi ni."

"Mo ní kí ló wà níbẹ̀?"

"Mo ní àpò mi ni! O sọ ti orí, o sọ ti ọwọ́, o ò sọ ti àpò. Òfin tí o fi ẹnu ara rẹ ṣe lo fẹ́ rú lójú mi yìí? Ojú ò tiẹ̀ tì ọ́, àbí torí o ò lójú ni?"

Oníbodè fa ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn. Mo gbé ẹsẹ̀ mi kọjá lórí itan ẹ̀, mo wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé kí ló burú nínú tọ́ọ̀ṣì tí kò wọ àpò, ìdí ẹ̀ rèé.

Òkùnkùn inú igbó yẹn wúwo, mo ń gbọ́ ọ lórí awọ ara mi. Mo fa Ọ̀sángangan yọ, mo tàn án. Háà! Igbó là sí méjì títí dé ibi tí n ò lè dárúkọ. Mo rí ìdí igi, mo rí ewé, mo rí kòkòrò tó ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ òkè kejì. Mo ní, "Ta ló tún kù?" Ìbéèrè tí ǹ bá má bi nìyẹn, torí gbogbo iwin tó wà láàárín èmi àti ibi tí ìmọ́lẹ̀ dé ló ti rí mi. Àwọn tí kò lórí wá, àwọn tó ń fi ẹ̀yìn rìn wá. Èyí tó jìnnà jù bẹ̀rẹ̀ sí í lá ìmọ́lẹ̀ náà láti ìpẹ̀kun ẹ̀, ó ń lá a bọ̀ lọ́dọ̀ mi, àwọn tó kù sì tò tẹ̀lé e. Tọ́ọ̀ṣì náà gbóná títí ó fi jó mi lọ́wọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ kó kú, kò kú. Mo sọ ọ́ nù, wọ́n sì rọ́ lọ bá a. N ò sá o! Mo kàn rìn kíákíá, tí ẹsẹ̀ mi ò fi bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀ ni. Kí oúnjẹ tó dà nínú mi, wọ́n ti lá Ọ̀sángangan gbẹ.

Ní ọjọ́ kẹrin mo já sí Ìlú Pẹ̀lẹ́. Gbogbo ará ìlú yìí ń fi ọmọ-ìka-ẹsẹ̀ rìn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, nítorí ilẹ̀ tí wọ́n kọ́lé sí kì í ṣe ilẹ̀. Ikùn ẹranko ńlá kan tó ń sùn ni, mo sì ń rí i tó ń wú tó ń wálẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Wọ́n fà mí dé iwájú ọba wọn. Ọba na ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ sórí àpótí. Ẹ̀gún kan ti wà níbẹ̀ fún ọdún méje.

"Àlejò, ẹnì kan lò ń wá," ni ọba wí sí mi létí. "Mo mọ ibi tó wà. Yọ ẹ̀gún yìí, n ó sọ fún ọ. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ wo ló tóbi tó láti rí ẹ̀gún, tí kò sì tóbi ju ẹsẹ̀ èèyàn lọ?"

Mo ní, "Kábíyèsí, ó wà lápò mi." Mo fi ìgbéraga fa oníná-mẹ́sàn-án yọ. Mo mọ̀ pé iná kékeré kan wà nínú ẹ̀, mo ti rí i rí. Mo tẹ̀ ẹ́. Èyí tó mọ́lẹ̀ jù ló tàn, ìlú náà sì mì. Mo tún tẹ̀ ẹ́, èyí tó tẹ̀lé e tàn, ilẹ̀ nà bí ẹni tó fẹ́ jí. Ìkẹta ń ṣẹ́jú, ìkẹrin ń ṣẹ́jú ju ìyẹn lọ, ìkarùn-ún pupa, ìkẹfà tilẹ̀ ń pariwo! Múfú, ìkeje ni èyí tí mò ń wá! Ìkeje! Kí n tó dé ibẹ̀, ojú kan tó fẹ̀ tó ẹní ti là nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ọba, ó sì ń wò mí. Àwọn obìnrin ìlú sáré tú ìró wọn bo ojú náà, wọ́n ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún bí ọmọ. Ilẹ̀ la ẹnu díẹ̀, ó gba tọ́ọ̀ṣì náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e mì, ó sì padà sùn.

"Ó kù ẹ̀ẹ̀kan," ni ọba wí. Mo fọwọ́ kan àyà mi, mo kan tọ́ọ̀ṣì adìyẹ.

Mo fi eyín mú un ní ìdí. Àpá eyín Àsàkẹ́ gba eyín mi rẹ́gí. Mo fi ahọ́n tẹ̀ ẹ́, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ bọ́ sórí àtẹ́lẹsẹ̀ ọba, kò kọjá ibẹ̀. Ọwọ́ mi méjèèjì sì ṣófo láti ṣiṣẹ́. Mo fa ẹ̀gún náà yọ, ó gùn tó ìka mi. Ọba mí kanlẹ̀, omi sì bọ́ lójú ẹ̀.

"Ẹni tí ò ń wá wà ní Ọ̀dàn Olójú," ló wí. "Ẹni tó bá pẹ́ nínú igbó yìí, ohùn ẹ̀ ló ń kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, ojú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dán bíi ti ẹran. Ẹranko tó ń pa èèyàn pọ̀ ní ọ̀dàn yẹn, ojú tiwọn náà ń dán. Bí o bá yìnbọn, o lè pa ẹni rẹ. Bí o ò bá yìn ín, wọ́n lè pa ìwọ."

"Báwo ni n ó ṣe dá a mọ̀?"

"Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ mi, ọmọ mi."

Ọjọ́ karùn-ún ni mo dé ọ̀dàn náà. Tọ́ọ̀ṣì Àsàkẹ́ ti ń pọ́n, bátìrì ẹ̀ ti ń rẹ̀ ẹ́. Mo tàn án ṣá, mo rí ojú. Ojú lọ́tùn-ún, ojú lósì, ojú lórí igi. Mo pa iná náà. Nígbà tí mo tún tàn án, gbogbo ojú tó kù ti sá, àfi méjì péré. Méjì yìí ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi tààrà.

Mo fi eyín mú tọ́ọ̀ṣì, mo gbé ìbọn. Ẹ fẹ́ kí n parọ́ fún yín? Ẹ̀rù bà mí. Èmi Ọdẹ́rìndé, ẹ̀rù bà mí gan-an. Bí mo bá fi ọwọ́ kan sílẹ̀ láti bo iná, ìbọn ò ní dúró. Bí n ò bá sì bo iná, mo lè yìn ín lu ọmọ ìyá mi. Ìgbà náà ni mo rántí pé ẹnu mi ni tọ́ọ̀ṣì wà.

Mo fi ahọ́n tẹ̀ ẹ́, ó tàn. Ojú náà kù ní ogún ìṣísẹ̀. Mo tú ahọ́n sílẹ̀, ó kú. Mo tẹ̀ ẹ́, ojú náà kù ní mẹ́wàá. Mo tú u. Nínú òkùnkùn yẹn mò ń gbọ́ èémí rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti dé iwájú ẹnu ìbọn mi, ìka mi wà lórí ìbọn. Mo tú u. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo sì di í mú bẹ́ẹ̀.

Ojú náà dúró, ìpéǹpéjú rẹ̀ sì bò ó bí ọwọ́ ṣe ń bo iná. Ó dé, ó là. Ó dé, ó là. Ó dé, ó là.

Mo ju ìbọn sílẹ̀, mo dì mọ́ ọn. Kò lóhùn, awọ ara ẹ̀ ti yi, ó rù, ṣùgbọ́n Ògúndíran ni. Mo sunkún bí ọmọdé, ẹni tó bá sì fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín kó dìde. Ibẹ̀ ni tọ́ọ̀ṣì kú sí. Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú, torí ojú tirẹ̀ ń ríran nínú òkùnkùn, ó sì ń fà mí lọ títí a fi ń rí oòrùn lọ́ọ̀ọ́kán.

Oníbodè ń dúró dè wá. "Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ, tèmi ni," ló wí, ó sì na ọwọ́ òsì sí ẹ̀gbọ́n mi. Mo já ọwọ́ mi gbà kúrò nínú ti Ògúndíran, mo tẹ̀ ba, mo sì gbé e sí èjìká mi, níbi tí ìbọn mi ti wà tẹ́lẹ̀. Mo ní, "O sọ ti èjìká?" Mo tún gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí itan ẹ̀.

Nígbà tí a bọ́ sí ojútáyé, mo yọ bátìrì Àsàkẹ́, mo fi eyín tẹ̀ ẹ́ níkùn, mo sì sá a sórí àpáta gbígbóná, bí gbogbo wa ti ń ṣe kí bátìrì lè jí díẹ̀, mo sì dá a padà sínú tọ́ọ̀ṣì. A rin gbogbo ọ̀nà náà láìsùn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ keje la dé oríta. A ti pẹ́. Wọ́n ti fipá kó aṣọ ẹ̀gbọ́n mi nílé, wọ́n ti gbé e wọ ère, wọ́n ti gbé ère kalẹ̀, wọ́n ti kọrin tán. Àsàkẹ́ jókòó sórí ilẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ṣùkú ẹ̀ ṣì wà lórí ẹ̀. Ó rí wa, ó pariwo, ó fẹ́ dìde, wọ́n dì í mú.

"Ẹ má wò ó!" ni Olúọdẹ wí. "A ti ṣe ìpà rẹ̀. Òkú lẹ̀ ń wò yẹn." Gbogbo ọdẹ kọ̀yìn sí wa. Mo pariwo, mo bú wọn, mo pè wọ́n ní orúkọ baba wọn, ẹ̀yìn ni wọ́n ṣì kọ sí wa.

Ògúndíran ò lóhùn tó lè fi bẹ̀ wọ́n. Ó kàn na ọwọ́ sí àpò àyà mi, ó mú tọ́ọ̀ṣì náà, ó sì rìn yí wọn ká títí ó fi dé iwájú Olúọdẹ. Ó tẹ ìdí ẹ̀. Ó tàn. Ó kú. Ó tàn, ó kú. Ìkẹta pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, àmọ́ ó tàn.

Olúọdẹ Oyèwùsì wò ó. Ọmọ ẹgbẹ́ ló ṣe àmì fún un yẹn. Bí kò bá dáhùn, ìbọn ẹ̀ ti lọ. Bó bá sì dáhùn, ó ti gbà pé èèyàn ni, pé ó wà láàyè. Gbogbo ọdẹ ti ń fi igun ojú wò ó. Bàbá gbé ọwọ́ sókè sí àtùpà orí ẹ̀. Ó bò ó, ó ṣí i, lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ni gbogbo oríta ń bo iná tí wọ́n ń ṣí i, ọdẹ méjìlélógójì. Ẹ̀gbọ́n mi lọ bá ère, ó ṣí fìlà ẹ̀ kúrò lórí igi, ó dé e.

Àsàkẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa, ó fọwọ́ kan ojú ọkọ ẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀. Ó wá gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ẹ̀, ó so ó padà sí etí ìró ẹ̀. "Mo sọ fún yín, ọkọ mi," ló wí fún mi. "Adìyẹ mi ò sọnù rí."

Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ò padà títí dòní. Àwọn kan nínú yín ò gbà mí gbọ́, mò ń rí i lójú yín. Ó dáa. Ẹ wo ẹ̀yìn yín, lábẹ́ igi ọsàn, níbi tó ti ṣókùnkùn yẹn. Ọkùnrin kan jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ìyàwó ẹ̀ jókòó tì í. Múfú, tan tọ́ọ̀ṣì rẹ, ṣe àmì náà fún un. Rárá, kì í ṣe èyí. Ìyẹn ń ṣẹ́jú. Ìyẹn náà kọ́. O ṣì ń wá a? Àsàkẹ́, Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe é.

Ẹ rí ojú ẹ̀? Ó dé, ó là. Ó dé, ó là. Ó dé, ó là.